Ọkọ̀ Ìsáré Amẹ́ríkà ní Ojú Ọ̀nà Òsì àti Ìlọ́fà: Àgbéyẹ̀wò fún Ẹni tó Fẹ́ Ra Tòkúnbọ̀

Ní ìparí ọdún, nígbà tí àwọn ọmọ Òsì, Ìlọ́fà, Odò-Ọwá àti Òbó-Ayégúnlẹ̀ bá ń ti Èkó, Àbújá àti òkè òkun wálé, kì í pẹ́ kí ọ̀rọ̀ ọkọ̀ tó gba ẹnu àwọn ọ̀dọ́. Èyí tí ojú kì í fẹ́ kúrò lára rẹ̀ ni ọkọ̀ ìsáré onílẹ̀kùn méjì tí wọ́n ṣe fún ọjà Amẹ́ríkà: Ford Mustang, Chevrolet Camaro, Dodge Challenger. Imú wọn gùn, ìdí wọn kúrú, ìró ẹ́ńjìnnì wọn sì máa ń ṣáájú wọn wọ àdúgbò. Inú fíìmù ni ọ̀pọ̀ wa ti kọ́kọ́ mọ̀ wọ́n. Lónìí, wọ́n wà láàárín ọjà àwọn tó ń ta tòkúnbọ̀, ẹni tó sì ti kó owó Camry jọ lè máa rò ó pé Mustang ni òun yóò rà.

Ìbéèrè tó kù kò rọrùn bó ṣe dún létí: ṣé ọkọ̀ yìí ṣe é gbẹ́kẹ̀ lé? Ìdáhùn méjì ló wọ́pọ̀. Àwọn kan ní ọkọ̀ Amẹ́ríkà kì í tọ́jọ́, pé Toyota nìkan ni ọkọ̀. Àwọn mìíràn ní kò sí ohun tó ń ṣe é, bí owó bá ṣáà ti wà lọ́wọ́. Lójú tèmi, orúkọ ni àwọn méjèèjì ń dá lẹ́jọ́, wọn kò tíì dá ọkọ̀ lẹ́jọ́. Ohun mẹ́ta ló ń sọ bí irú ọkọ̀ yìí yóò ṣe pẹ́ tó lọ́wọ́ ẹni tó ń gbé ní Ìjọba Ìbílẹ̀ Èkìtì tàbí Òkè-Ẹ̀rọ ní ìpínlẹ̀ Kwara: ìtàn ọkọ̀ náà gan-an kó tó dé ọ̀dọ̀ wa, irú ẹ́ńjìnnì àti gíá tó wà nínú rẹ̀, àti bí ẹni tó mọ̀ ọ́n tún ṣe ṣe jìnnà tó sí ẹnu ọ̀nà ilé ẹni. Nínú mẹ́tẹ̀ẹ̀ta, ẹ̀kẹta ni àwọn èèyàn kì í kà sí, òun gan-an ló sì ń pinnu jù.

Ọ̀rọ̀ náà kì í ṣe ti fàájì nìkan. Ọ̀nà tó gba Òmù-Àrán kọjá lọ sí ìhà Èrùkù àti Ẹ̀gbẹ̀ ti di ọ̀nà tí a ń fi ọgbọ́n rìn. Ní ọjọ́ kìíní oṣù kejì ọdún 2024, àwọn agbébọn wọ ààfin Oníkòrò ti ìlú Kòrò, ní Ìjọba Ìbílẹ̀ Èkìtì yìí kan náà, wọ́n pa kábíyèsí, wọ́n sì jí ayaba gbé lọ. Ní irú àgbègbè bẹ́ẹ̀, ọkọ̀ tó bá kú sójú ọ̀nà nírọ̀lẹ́ kọjá ọ̀rọ̀ ìnáwó. Ọ̀rọ̀ ẹ̀mí ni.

Bí ọkọ̀ ṣe ń gba orúkọ rere

Ìran tó ṣáájú wa gbẹ́kẹ̀ lé Peugeot 504. Ọdún 1975 ni Peugeot bẹ̀rẹ̀ sí í to ọkọ̀ pọ̀ ní Kàdúná, ọdún yẹn náà ni Volkswagen bẹ̀rẹ̀ tirẹ̀ ní Èkó. Nígbà tí 504 fi máa gba gbogbo gáréèjì, ó ṣòro láti rí ìlú tó ní mẹkáníìkì tí kò ní ẹni tó lè tú kábúrétọ̀ rẹ̀ palẹ̀ kó sì tò ó padà kí ilẹ̀ tó ṣú. 504 máa ń bàjẹ́, ṣùgbọ́n ibi tó bá bàjẹ́ sí ni wọ́n ti ń tún un ṣe. Ohun tí a ń pè ní agbára ọkọ̀ nígbà náà, ọgbọ́n ọwọ́ àwọn mẹkáníìkì ló pọ̀ jù nínú rẹ̀.

Ọ̀nà kan náà ni Toyota gbà dé ipò tó wà lónìí. Camry tí wọ́n ń pè ní Big Daddy àti èyí tí wọ́n ń pè ní Muscle ti pọ̀ débi pé ẹ̀yà wọn kún ọjà Ladipo ní Mushin, ó dé Ìlọrin, ó sì dé Òmù-Àrán. Ní Amẹ́ríkà, ìwé ìròyìn Consumer Reports máa ń béèrè lọ́dọọdún lọ́wọ́ àwọn ọmọ ẹgbẹ́ rẹ̀ nípa àlébù tí wọ́n rí lára ọkọ̀ wọn, èsì rẹ̀ sì wúlò púpọ̀. Ṣùgbọ́n ọ̀pọ̀ àwọn tó ń dáhùn ń wakọ̀ lórí ọ̀nà tó tẹ́jú, irú ọ́ìlì tí ìwé ọkọ̀ sọ wà ní ṣọ́ọ̀bù àdúgbò wọn, ẹ̀ka ilé-iṣẹ́ tó ṣe ọkọ̀ náà kò sì jìnnà. Èsì wọn ń fi hàn wá bí ọkọ̀ ṣe ń hùwà nígbà tí wọ́n bá tọ́jú rẹ̀ bó ṣe yẹ. Kò lè sọ ohun tí yóò ṣẹlẹ̀ níbi tí ọkọ̀ náà bá ti jẹ́ ẹyọ kan ṣoṣo ní gbogbo àgbègbè, tí mẹkáníìkì sì ń rí ẹ́ńjìnnì rẹ̀ fún ìgbà àkọ́kọ́.

Ọ̀nà tí wọ́n ń gbà dé ọ̀dọ̀ wa

Púpọ̀ nínú wọn ń ti ọjà gbàǹjo bíi Copart àti IAAI wá. Níbẹ̀ ni àwọn ilé-iṣẹ́ adójútòfò ti ń ta ọkọ̀ tó ti forí sọ nǹkan, èyí tí omi wọ̀, àti èyí tí wọ́n jí tí wọ́n sì rí padà. Bí owó àtúnṣe bá ti fẹ́rẹ̀ẹ́ tó iye ọkọ̀, ilé-iṣẹ́ náà á san owó fún ẹni tó ni ín, ìjọba ìpínlẹ̀ wọn á sì fún ọkọ̀ náà ní ìwé tí wọ́n ń pè ní salvage. Ọkọ̀ ìsáré kì í pẹ́ bọ́ sí irú ipò yìí. Táyà ẹ̀yìn ló ń tì í, agbára rẹ̀ pọ̀, ọ̀dọ́ tí kò tíì mọ̀ ọ́n wà dáadáa sì máa ń rà á. Bí òjò bá rọ̀ tí ó sì tẹ́ná lójijì, ìdí ọkọ̀ á gbá lọ sẹ́gbẹ̀ẹ́.

Ti omi ló burú jù, nítorí ojú kì í tètè rí i. Ìjì Harvey bo Houston mọ́lẹ̀ ní oṣù kẹjọ ọdún 2017, ìjì Ian sì kọ lu Florida ní oṣù kẹsàn-án ọdún 2022. Lẹ́yìn irú àjálù bẹ́ẹ̀, ọkọ̀ tí omi rì máa ń kún ọjà gbàǹjo. Wọ́n á fọ̀ ọ́, wọ́n á gbẹ ẹ́, wọ́n á pààrọ̀ kápẹ́ẹ̀tì rẹ̀. Wáyà àti kọ̀ǹpútà rẹ̀ lè ṣiṣẹ́ fún oṣù mélòó kan kí ìpẹtà tó jẹ ẹ́ dénú. Nígbà tí yóò fi bẹ̀rẹ̀ sí í kú, ọ̀dọ̀ wa ló wà.

Láti ibẹ̀, ọkọ̀ ojú omi á gbé e wá sí èbúté Tin Can tàbí PTML ní Èkó, tàbí kó gbé e lọ sí Kutonu ní orílẹ̀-èdè Benin, kí wọ́n sì gbà á láti orí ilẹ̀ wọlé. Láti ọjọ́ kìíní oṣù kìíní ọdún 2017 ni Ìjọba Àpapọ̀ ti fòfin de gbígbé ọkọ̀ gba orí ilẹ̀ wọlé, wọ́n sì ti ẹnubodè pa fún ọjà láti oṣù kẹjọ ọdún 2019 títí di oṣù kejìlá ọdún 2020. Síbẹ̀, ọkọ̀ kò yéé gba ibẹ̀ wọlé. Ẹni tó bá ra èyí tí kò ní ìwé kọ́sítọ́ọ̀mù gidi ti ra ohun tí wọ́n lè gbà lọ́wọ́ rẹ̀ lójú títì nígbàkígbà. Láti ọdún 2022 ni kọ́sítọ́ọ̀mù ti ń fi VIN, nọ́ńbà ìdánimọ̀ ọkọ̀, ṣírò owó tí wọ́n máa gbà lórí ọkọ̀, nítorí náà, nọ́ńbà tó wà lórí ìwé gbọ́dọ̀ bá èyí tó wà lára ọkọ̀ mu láìyẹ̀ ẹyọ kan.

Ohun kan wà tó rọrùn fún wa. Ọjọ́ kejì oṣù kẹrin ọdún 1972 ni Nàìjíríà bọ́ sí apá ọ̀tún ọ̀nà. Ọkọ̀ Amẹ́ríkà tí ìdarí rẹ̀ wà lápá òsì bá ọ̀nà wa mu láìsí àtúnṣe kankan. Ìbátan tó wà ní Houston tàbí Maryland lè rà á fún wa, ohun tí ìbátan tó wà ní Lọ́ńdọ́nù kò lè ṣe tìrọ̀rùntìrọ̀rùn.

Mustang

Mustang ló dàgbà jù nínú àwọn mẹ́tẹ̀ẹ̀ta. Oṣù kẹrin ọdún 1964 ni Ford fi í hàn ní New York, wọn kò sì tíì dáwọ́ ṣíṣe rẹ̀ dúró. Èyí ṣe pàtàkì, nítorí ẹ̀yà rẹ̀ kò ní tètè wọ́n bí ti àwọn tí wọ́n ti pa tì.

Ẹni tó bá rí ti 2005 sí 2010 ní owó pọ́ọ́kú, kó rọra. V6 onílítà 4.0 tó wà nínú rẹ̀ ní ṣéènì kan lẹ́yìn ẹ́ńjìnnì, bí ṣéènì náà bá sì bẹ̀rẹ̀ sí í hó, iṣẹ́ ńlá ni kí ọwọ́ tó dé ibẹ̀. V8 onílítà 4.6 ní ìṣòro tirẹ̀: pulọ́ọ̀gì tí wọ́n fi sí èyí tó jáde títí dé 2008 máa ń kán sínú orí ẹ́ńjìnnì nígbà tí wọ́n bá ń tú u. Irin-iṣẹ́ pàtó ló ń yọ èyí tó kán. Mẹkáníìkì tí kò mọ̀ bẹ́ẹ̀ tó sì fi agbára tú u lè sọ iṣẹ́ ọ̀sán kan di iṣẹ́ oṣù kan.

Ọdún 2011 ni ọ̀rọ̀ yí padà. Ford gbé V6 onílítà 3.7 sí i, agbára ẹṣin 305, pẹ̀lú gíá onípele mẹ́fà, ó sì lò ó títí dé 2017. Ẹbí kan náà ni ẹ́ńjìnnì yìí àti èyí tó wà nínú Ford Edge àti Lincoln MKX, àwọn ọkọ̀ tí àwọn oníṣòwò Ladipo mọ̀ dáadáa. Nínú Edge, inú ẹ́ńjìnnì ni wọ́n fi pọ́ńpù omi sí, ṣéènì ló sì ń yí i. Bí ó bá jò, omi lè dà pọ̀ mọ́ ọ́ìlì kó sì ba gbogbo rẹ̀ jẹ́. Nínú Mustang, ìta ni pọ́ńpù yìí wà, bẹ́líìtì ló ń yí i, mẹkáníìkì ìlú kékeré sì lè pààrọ̀ rẹ̀. Irú ìyàtọ̀ báyìí ló yẹ kí a máa wá, torí pé orúkọ ilé-iṣẹ́ kì í sọ ọ́ fún ẹnikẹ́ni.

V8 onílítà 5.0 tó bẹ̀rẹ̀ ní 2011 lágbára, ó sì ń pẹ́ bí wọ́n bá tọ́jú rẹ̀. Ewu rẹ̀ wà lọ́wọ́ ẹni tó kọ́kọ́ ni ín: ọ̀pọ̀ ló ti fi í dá eré, tí wọ́n ti yí kọ̀ǹpútà rẹ̀ padà kí agbára rẹ̀ lè pọ̀ sí i. Èyí tó ní gíá ọlọ́wọ́, MT82, ti gba ẹ̀sùn púpọ̀ ní Amẹ́ríkà, pé gíá kì í fẹ́ wọlé. Láti 2015 ni wọ́n ti fi ẹ́ńjìnnì kékeré onílítà 2.3 tó ní tọ́bò kún un. Kì í jẹ epo púpọ̀, ṣùgbọ́n tọ́bò ń fẹ́ ọ́ìlì tó mọ́ àti ẹni tó lóye rẹ̀, ohun méjì tó sì ṣọ̀wọ́n lọ́dọ̀ wa nìyẹn. Ní 2018 ni V6 kúrò, gíá onípele mẹ́wàá sì dé. Ẹ̀sùn pé gíá yìí máa ń gbá ọkọ̀ tìtì nígbà tó bá ń yí pọ̀ gan-an. Ẹni tó ń gbé jìnnà sí Èkó, kó má fọwọ́ kàn án.

Camaro

Chevrolet dá Camaro dúró ní 2002, ó sì gbé e padà fún ọdún 2010. Èyí tó jáde ní 2010 àti 2011 ní V6 onílítà 3.6 tí àwọn mẹkáníìkì Amẹ́ríkà mọ̀ sí LLT. Ṣéènì rẹ̀ máa ń nà, pàápàá lọ́wọ́ ẹni tó bá ń jẹ́ kí ọ́ìlì pẹ́ jù kó tó pààrọ̀ rẹ̀. Bí ó bá ti nà, iná ẹ́ńjìnnì á tàn, ọkọ̀ á máa wárìrì, owó rẹ̀ á sì dójú tini. Láti 2012 ni èyí tí wọ́n ń pè ní LFX ti rọ́pò rẹ̀, ó sì dára jù ú lọ. Ẹni tó bá fẹ́ Camaro, kó bẹ̀rẹ̀ ìwákiri rẹ̀ láti ibẹ̀.

V8 tirẹ̀ tó ní gíá ọ̀tọmátíìkì, láàárín 2010 sí 2015, ní ọgbọ́n kan tó ń pa mẹ́rin nínú sílíńdà mẹ́jọ nígbà tí ọkọ̀ bá ń rìn jẹ́jẹ́, kí epo lè pẹ́. Ibẹ̀ ni àlébù sábà máa ń wọlé sí, bí ọ́ìlì bá dọ̀tí tàbí tó ki jù. Láti 2016, ara ọkọ̀ fúyẹ́ sí i, ṣùgbọ́n gíá onípele mẹ́jọ ti àwọn ọdún àkọ́kọ́ máa ń gbọ̀n bí ẹni pé ọkọ̀ ń rìn lórí ọ̀nà gbágungbàgun. Irú ọ́ìlì gíá tuntun ni ilé-iṣẹ́ General Motors fi wo ó sàn. Ẹ béèrè bóyá wọ́n ti pààrọ̀ ọ́ìlì yẹn.

Àlébù mìíràn tún wà tó rọrùn láti yẹ̀ wò. Ní oṣù kẹfà ọdún 2014, General Motors pe Camaro tó lé ní 500,000, ti 2010 sí 2014, padà fún àtúnṣe, nítorí orúnkún awakọ̀ lè kan kọ́kọ́rọ́ kí ẹ́ńjìnnì sì kú lórí eré. Ẹ fi VIN yẹ̀ ẹ́ wò bóyá wọ́n ti ṣe iṣẹ́ náà.

Challenger

Dodge gbé Challenger padà ní 2008, ó sì dá a dúró ní oṣù kejìlá ọdún 2023, oṣù kan náà tí Camaro parí. Òun ló tóbi jù, ìjókòó ẹ̀yìn rẹ̀ gba àgbàlagbà, ó sì rọra ń gba orí kòtò ju àwọn méjì tó kù lọ.

V6 onílítà 3.6 tó bẹ̀rẹ̀ ní 2011 ni ó yẹ kí a gbé yẹ̀ wò. Lára èyí tó jáde láti 2011 sí 2013, orí ẹ́ńjìnnì apá òsì máa ń ní àlébù. Àmì rẹ̀ ni ìró tó ń dún ta-ta-ta láti ẹ̀gbẹ́ kan àti sílíńdà tó ń tàsé. Ilé-iṣẹ́ náà gbà pé àlébù ni, ó sì fi kún iye ọdún tí yóò fi tún un ṣe lọ́fẹ̀ẹ́, ṣùgbọ́n àǹfààní yẹn kì í bá ọkọ̀ dé Nàìjíríà.

Ohun kan wà tí ọ̀pọ̀ olùtajà kò mọ̀. Gíá onípele márùn-ún tó wà nínú V6 ti 2011 sí 2014, ọmọ Mercedes-Benz ni. Òun náà ni wọ́n lò fún àìmọye Benz tó ti ń rìn ní Nàìjíríà láti ogún ọdún sẹ́yìn, àwọn oníṣẹ́ gíá ní Èkó, Ìbàdàn àti Ìlọrin sì mọ inú rẹ̀ bí ẹni mowó. Fún ẹni tó ń gbé ní Odò-Ọwá tàbí Ìlọ́fà, ìmọ̀ tó ti wà nílẹ̀ yìí tóbi ju agbára ẹṣin lọ. V8 tí wọ́n ń pè ní Hemi ní ìró tó dùn létí, ṣùgbọ́n irin kékeré tó ń ti fáàfù nínú rẹ̀ máa ń jẹ káàmù, àtúnṣe rẹ̀ kì í sì í ṣe iṣẹ́ abẹ́ igi.

Àpò afẹ́fẹ́ tó lè pa ẹni tó yẹ kó gbà là

Ohun kan bo gbogbo ọ̀rọ̀ ẹ́ńjìnnì mọ́lẹ̀, àwọn tó ń ta ọkọ̀ kì í sì í dárúkọ rẹ̀. Ẹ́ábáàgì tí ilé-iṣẹ́ Takata ṣe ní èròjà kan tó ń bú gbàù kí àpò náà lè kún fún afẹ́fẹ́. Ooru àti ọ̀rinrin tó pẹ́ máa ń ba èròjà náà jẹ́. Lọ́jọ́ tí ọkọ̀ bá forí sọ nǹkan, ó lè bú ju bó ṣe yẹ lọ kó sì máa fọ́n ègé irin sí ojú àti ọrùn ẹni tó jókòó. Ó ti pa èèyàn ní Amẹ́ríkà àti ní àwọn ilẹ̀ mìíràn.

Mustang ti 2005 sí 2014 wà nínú àwọn tí wọ́n pè padà nítorí rẹ̀. Challenger ti àkọ́kọ́ náà wà níbẹ̀: ní oṣù kọkànlá ọdún 2022, ilé-iṣẹ́ tó ni Dodge sọ fún àwọn tó ni Challenger, Charger, Magnum àti Chrysler 300 ti àwọn ọdún tó parí sí 2010 pé kí wọ́n má ṣe wà á rárá títí wọn yóò fi pààrọ̀ àpò náà. Lẹ́tà irú ìyẹn ń lọ sí àdírẹ́sì ẹni tó ni ọkọ̀ ní Amẹ́ríkà. Nígbà tí ọkọ̀ bá ti wọ ọkọ̀ ojú omi, lẹ́tà kò ní mọ Òsì. Ilẹ̀ tó móoru, tí òjò rẹ̀ sì pọ̀, ni wọ́n sì gbé e wá yìí, irú èyí tí àpò náà kórìíra jù.

Àtúnṣe rẹ̀ kò gba kọ́bọ̀ ní Amẹ́ríkà. Ẹni tó bá ní ìbátan níbẹ̀, kí ìbátan náà fi VIN yẹ̀ ẹ́ wò lọ́dọ̀ àjọ ìjọba wọn, NHTSA, kó sì gbé ọkọ̀ lọ fún àtúnṣe kó tó fi ránṣẹ́. Ẹni tó bá ń rà á níhìn-ín, kó kọ èyí tí wọn kò tíì tún ṣe. Mi ò rí ẹ̀dínwó tó lè dí i.

Ọ́ìlì, epo àti táyà

Ìwé ọkọ̀ Ford àti Dodge yìí sábà máa ń pe ọ́ìlì tín-ín-rín, 5W-20. Camaro ń lo 5W-30. Àṣà tó wà nílẹ̀ wa ni kí wọ́n da 20W-50 sí i, nítorí ooru. Ẹ́ńjìnnì àtijọ́ lè fara dà á. Àwọn tuntun yìí ń fi ọ́ìlì yí àkókò ṣíṣí fáàfù padà, ihò tí ọ́ìlì náà ń gbà kò ju abẹ́rẹ́ lọ. Ọ́ìlì tó ki kì í tètè dé ibẹ̀. Púpọ̀ nínú ìró àti iná ẹ́ńjìnnì tí wọ́n ń dá ọkọ̀ Amẹ́ríkà lẹ́bi fún, ọ́ìlì yìí ló fà á.

Epo náà gba àkíyèsí. Ní oṣù kejì ọdún 2022, epo bẹntiróòlù tí mẹ́tánọ́ọ̀lù pọ̀ nínú rẹ̀ wọ ọjà Nàìjíríà, ó sì ba pọ́ńpù ọkọ̀ púpọ̀ jẹ́. Láti ìparí oṣù karùn-ún ọdún 2023 tí owó ìrànwọ́ orí epo ti kúrò, iye tí ọkọ̀ ń jẹ ti di ara ìṣirò. Mustang V6 ti 2011 ń lo nǹkan bí lítà 12 sí 13 fún kìlómítà 100 nínú ìgboro, àti bíi 8 lójú ọ̀nà tó já geere, bí àjọ ìjọba Amẹ́ríkà ṣe wọ̀n ọ́n. Lójú ọ̀nà tí a ti ń yà fún kòtò, ti ìgboro ni kí ẹ fi ṣírò.

Ti táyà ló ń mú omijé wá jù. Abẹ́ ọkọ̀ wọ̀nyí kò jìnnà sílẹ̀ ju nǹkan bí sẹ̀ntímítà 11 sí 14 lọ, bọ́ńpà wọn sì gùn síwájú. Camaro SS ń lo táyà onínọ́ńbà 20, ti iwájú yàtọ̀ sí ti ẹ̀yìn, rọ́bà ẹ̀gbẹ́ rẹ̀ kò sì nípọn. Kòtò kan lè tẹ irin rẹ̀, ọ̀pọ̀ nínú wọn kò sì ní táyà àpọ̀jù nínú búùtù. Bí ó bá bẹ́ lẹ́yìn Òmù-Àrán, fọkanáísà wo ló ní irú rẹ̀? Mustang V6 tí kò ní ọ̀ṣọ́ púpọ̀, ti 2011 àti ti 2015, wà tó ń lo onínọ́ńbà 17, tí rọ́bà ẹ̀gbẹ́ rẹ̀ ga. Ó lè má dùn ún wò tó, ṣùgbọ́n òun ló bá ọ̀nà wa mu.

Bí a ṣe ń yẹ̀ ẹ́ wò

Ibi tí Àrè-ògún ti Òsì àti Bámigbóyè ti Odò-Ọwá ti gbẹ́ igi tí gbogbo ayé ń wò ni a wà yìí. Kò yẹ kí a ṣẹ̀ṣẹ̀ máa kọ́ ara wa pé ọ̀dà kọ́ ni igi. Ọkọ̀ tó ń dán lè jẹ́ ọkọ̀ méjì tí wọ́n jó pọ̀.

Ẹ bẹ̀rẹ̀ láti orí VIN. Lẹ́tà àti nọ́ńbà 17 ni. Ẹ kà á lábẹ́ gíláàsì iwájú, lára ilẹ̀kùn awakọ̀, àti lórí ìwé. Lẹ́yìn náà, kí ẹ jẹ́ kí ẹ̀rọ síkáànù ka èyí tó wà nínú kọ̀ǹpútà ọkọ̀. Bí mẹ́rẹ̀ẹ̀rin kò bá bára mu, ẹ máa lọ. Ó lè jẹ́ ọkọ̀ tí wọ́n jí. Nọ́ńbà àkọ́kọ́ ń sọ ilẹ̀ tí wọ́n ti ṣe é: 1 fún Amẹ́ríkà, 2 fún Kánádà. Mustang tó ń bẹ̀rẹ̀ pẹ̀lú 1 àti Challenger tó ń bẹ̀rẹ̀ pẹ̀lú 2 bá òtítọ́ mu, torí pé Michigan ni wọ́n ti ń ṣe ti àkọ́kọ́, Ontario ni wọ́n ti ṣe ti èkejì. Ẹ̀kẹwàá ń sọ ọdún: B ni 2011, C ni 2012, bẹ́ẹ̀ títí dé H tó jẹ́ 2017. Olùtajà tó bá pe ọkọ̀ onílẹ́tà B ní 2014 ti sọ irú ẹni tó jẹ́.

Ẹ san owó kékeré fún ìròyìn Carfax tàbí AutoCheck. Ibẹ̀ ni ẹ ó ti rí ìwé salvage, omi, ìjàǹbá àti iye máìlì tí wọ́n kọ sílẹ̀ ní ọdún kọ̀ọ̀kan. Ọkọ̀ tó ti rin máìlì 120,000 ní 2019 kò lè wá rin 70,000 lónìí.

Lẹ́yìn ìyẹn, ẹ̀rọ síkáànù. Ọ̀pọ̀ àgbàlá ń pa iná ẹ́ńjìnnì rẹ́ ní òwúrọ̀ ọjọ́ tí oníbàárà ń bọ̀. Ṣùgbọ́n bí wọ́n bá pa á rẹ́, àyẹ̀wò tí kọ̀ǹpútà ń ṣe fúnra rẹ̀ á padà sí ìbẹ̀rẹ̀, ẹ̀rọ yóò sì fi hàn pé kò tíì parí. Ọkọ̀ tí kò ní àṣìṣe kankan, tí àyẹ̀wò rẹ̀ kò sì tíì parí, wọ́n ṣẹ̀ṣẹ̀ fọ ọpọlọ rẹ̀ ni.

Ẹ dé ibẹ̀ kí wọ́n tó tanná sí i, kí ẹ́ńjìnnì tutù, nítorí ìró ṣéènì àti fáàfù máa ń hàn ní ìṣẹ́jú àkọ́kọ́. Ẹ wo iná ẹ́ábáàgì lórí dáṣíbọ́ọ̀dù: ó gbọ́dọ̀ tàn nígbà tí kọ́kọ́rọ́ bá yí, kó sì kú. Èyí tí kò tàn rárá, wọ́n ti gé e. Ẹ fa bẹ́líìtì ìjókòó jáde títí dé ìdí, ẹrẹ̀ tó gbẹ lára rẹ̀ ń jẹ́rìí omi. Ẹ gbé kápẹ́ẹ̀tì búùtù sókè, ẹ wo ìpẹtà orí nọ́ọ̀tì. Ẹ wà á títí tí yóò fi gbóná, kí ẹ dúró pẹ̀lú ẹ́sì títàn, kí ẹ wo bí ooru rẹ̀ ṣe ń lọ. Kí mẹkáníìkì tó wà pẹ̀lú yín jẹ́ tiyín, kó má jẹ́ ti olùtajà.

Ìdájọ́

Ẹni tó ń gbé ní Òsì tàbí Ìlọ́fà, tí ọkọ̀ kan ṣoṣo ni agbára rẹ̀ ká, kó ra Corolla. Mo sọ ọ́ pẹ̀lú ìfẹ́ tí mo ní sí àwọn ọkọ̀ yìí.

Ẹni tó ti ní ọkọ̀ ìrìnnà, tó sì fẹ́ èkejì fún ayọ̀ ọkàn rẹ̀, Mustang V6 ti 2011 sí 2017 ni mo fi síwájú, gíá ọ̀tọmátíìkì, táyà onínọ́ńbà 17 tàbí 18, ìwé mímọ́, àpò Takata tó ti di pípààrọ̀ bí ó bá jẹ́ èyí tó ṣáájú 2015. Challenger V6 ti 2014 tẹ̀ lé e, nítorí gíá rẹ̀ tí àwọn ará wa mọ̀. Camaro V6 ti 2012 sí 2015 ni ìkẹta. V8, kí ẹni tó ní mẹkáníìkì rẹ̀ ní Èkó tàbí Ìlọrin máa rà á. Ẹni tó bá ra èyíkéyìí, kó fi ìdá kan nínú márùn-ún owó rẹ̀ pamọ́ fún àtúnṣe ọdún àkọ́kọ́, torí pé kò sí tòkúnbọ̀ tí kì í béèrè nǹkan.

Apá tó kù wà lọ́wọ́ wa. Kí ẹ tó ra ọkọ̀, ẹ yan mẹkáníìkì kan àti rìwáyà kan ní Òmù-Àrán tàbí nítòsí, kí ẹ mú wọn lọ yẹ̀ ẹ́ wò, kí ẹ bá wọn ra ẹ̀rọ síkáànù tó dára àti ìwé àtúnṣe ọkọ̀ náà, kí ẹ sì wà níbẹ̀ nígbà tí wọ́n bá kọ́kọ́ pààrọ̀ ọ́ìlì rẹ̀. Ẹ ka ìnáwó yẹn mọ́ iye ọkọ̀. Mẹkáníìkì tó bá tọ́jú Mustang kan dáadáa yóò lè tọ́jú Edge, yóò lè tọ́jú ọkọ̀ ẹlòmíràn tó ń bọ̀ lọ́dún tó ń bọ̀. Ọwọ́ rẹ̀ ni ìgbẹ́kẹ̀lé ọkọ̀ yóò wà, òun ló sì yẹ kí a kọ́kọ́ náwó lé lórí.